Kóòtù Tí Kò Gbọdọ̀ Bèèrè

Nígbà ìjọba ṣọ́jà, wọ́n mú àbúrò mi ní Kọ́bapẹ́, wọ́n tì í mọ́lé, wọn ò sọ ohun tó ṣe. Lọ́yà ni mí l'Ókè-Ìlewó nígbà náà. Ìyá wa, aláró, sáré bá mi ní ọ́fíìsì, aró ṣì wà lápá rẹ̀. "Ṣé kò sí kóòtù tó lè bi wọ́n ni?"

Mo ní l'Ámẹ́ríkà, ààrẹ ló ń yan adájọ́ kóòtù tó ga jù, àwọn aṣòfin á fọwọ́ sí i, kò sì sẹ́ni tó lè ṣàdédé lé e. Ó lè dá ààrẹ gan-an lẹ́bi. Tiwa ńkọ́? Ṣọ́jà ló ń yàn wọ́n, òfin ṣọ́jà sì ní kí adájọ́ kankan má bèèrè ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Ìyá wa wo wíìgì mi, èyí tí mo máa ń dé lọ sí kóòtù, lára ògiri.

"Ta wá lẹ̀yin lọ́yà ń dé ìyẹn fún?"