Ọjọ́bọ̀ Lẹ́yìn Táǹkì Omi

"Kámẹ́rà ẹ ló bàjẹ́ ni, àbí ìwọ lo pa á?"

Ohùn Màmá nìyẹn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tá a jọ ṣèpàdé lórí fóònù. Èmi ni mo pa á. Ojú ń tì mí. Kíláàsì kẹta péré ni mo kà dé ní girama, àwọn tá a jọ ń kọ́ iṣẹ́ agbani-nímọ̀ràn sì ti lọ yunifásítì. Màmá ni à ń pe obìnrin tó jẹ́ alábòójútó wa. Ìfọ̀ ni wọ́n ń gbé, èmi wà ní Lotto, ní Mowé. Tó bá di aago mẹ́rin Ọjọ́bọ̀, màá lọ jókòó sẹ́yìn táǹkì omi ilé wa, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró, màá sì ròyìn bí mo ṣe bá àwọn tó wá sọ́dọ̀ mi sọ̀rọ̀, láì dárúkọ wọn.

Obìnrin kan wà tí ọmọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá bá mi ní yàrá tí wọ́n fún wa ní Ìbàfò. Bó bá ti ń sunkún báyìí, mo ti kúnlẹ̀: "Ẹ má sunkún mọ́, mà. Ọlọ́run á fi èyí tó máa tọ́jọ́ rọ́pò." Á nujú, á ní, "Ó dáa, ọmọ mi," á sì dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun ò rò pé òun á tún wá.

Mo ròyìn fún Màmá.

"Ta ló fẹ́ kí ẹkún yẹn dáwọ́ dúró? Òun ni àbí ìwọ?"

Mo ń fi èékánná họ ara táǹkì.

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni?"

"Rárá, mà. Èmi ni. Ẹkún àgbà máa ń bà mí lẹ́rù."

"O ṣé tó o jẹ́wọ́, onítìjú. Gbogbo ilé tó wọ̀ ni wọ́n ti ń ní kó má sunkún. Tó bá dé ọ̀dọ̀ tìẹ náà ńkọ́? Pè é, bẹ̀ ẹ́. Tó bá dé, jókòó jẹ́ẹ́."

"Kí n jókòó kí àgbà máa sunkún lójú mi? Wọ́n á ní n ò lẹ́kọ̀ọ́, mà."

"Jẹ́ kí wọ́n wí."

Obìnrin náà gbà, ó wá. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di àga mú kí n má baà kúnlẹ̀. Ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ọmọ rẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí.

"Láti ọjọ́ tá a ti sin ín," ó ní, "kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n pe orúkọ rẹ̀."

Ó ń lọ ló bi mí bóyá kóun padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, èmi fúnra mi ni mo ṣí kámẹ́rà.

"Háà! Báyìí lo ṣe kéré tó?" Màmá ń rẹ́rìn-ín.

Màmá ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọ yàrá mi, síbẹ̀ ẹ̀yìn táǹkì yẹn ni mo ṣì ń lọ lọ́jọ́bọ̀. Èmi ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ń pè. Ọ̀kan nínú wọn ò tíì ṣí kámẹ́rà rẹ̀ rí. Tó bá dákẹ́, èmi náà á dákẹ́, màá dúró dè é.