Wàláà Tí Mo Fi Àáké Gbẹ́

Ó gbà á! Ẹ gbọ́, ó gbà á! Wàláà mi mu tàdáwà bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti ọdún mọ́kànlá! Mo pariwo nínú kíṣìnì débi pé obìnrin tó ń gbé lókè wa fi igi ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ gbàgbàgbà lórí mi, ijó ni mò ń jó. Ìka mi dúdú, imú mi dúdú, ẹ̀gbẹ́ fíríìjì Mọ́mì pàápàá dúdú. Lẹ́tà kan péré ni mo tíì kọ o! Báà kéwú, ẹyọ kan. Ó dúró síbi tí mo kọ ọ́ sí. Kò kóra jọ, kò ṣàn, kò sá fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí òórùn kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Peckham, ní London níbí, tí Sátidé yín jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, tí Sọ́ńdè yín jẹ́ ti ilé kéwú, ẹ mọ bí Rye Lane ṣe máa ń rùn láàárọ̀: ẹja tútù, ìpara irun, adìyẹ díndín. Mọ́mì mi ń di irun ní ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, wọ́n á sì ní kí n lọ jókòó sí láíbìrì títí wọ́n á fi ṣe tán. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà yẹn. Láàárọ̀ Sátidé kan, mo gba ẹ̀yìn láíbìrì kọjá, òórùn kan tí mi ò mọ̀ rí sì wọ̀ mí nímú: igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, pẹ̀lú òróró kan tó ń rùn bí ìgbà tí ẹ̀pà bá pò mọ́ ọ̀dà ara ògiri. Ẹ̀yìn òórùn yẹn ni mo wá ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́.

Ọgbà kékeré kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi wáyà yí ká. Àwọn àgbàlagbà bíi méje wà nínú ẹ̀ tí wọ́n wọṣọ bí ará England ayé àtijọ́, ayé tí àwọn ọba wọn ṣì ń gun ẹṣin lọ sójú ogun. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ igi láyé yẹn làwọn náà ń ṣe é. Kò sí iná, kò sí ẹ́ńjìnnì. Àáké ni, ọ̀bẹ ni, ẹsẹ̀ èèyàn ni. Ọkùnrin kan ń fi ẹsẹ̀ tẹ pákó kan nílẹ̀, okùn tó so mọ́ ọ̀pá gígùn kan lókè ń yí igi bìrìbìrì, abọ́ sì ń jáde lára igi lójú mi báyìí. Wọn kì í tà á. Wọ́n kàn ń gbádùn ara wọn ni! Mi ò mọ̀ pé àgbàlagbà lè ṣe nǹkan tó le tó yẹn torí ìgbádùn lásán.

Ọ̀gá wọn ni Ọ́ńkù Desmond, ará Jamaica, kafíńtà tó ti fẹ̀yìn tì. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ dà bí àpò, ìbòrí ẹ̀ so mọ́ ọrùn ẹ̀. Àwọn ọmọ tó bá wà lókè bọ́ọ̀sì alájà méjì tó ń kọjá á máa kígbe pé, "Bàbá alápò ìrẹsì!" Ọ́ńkù Desmond á juwọ́ sí wọn, "Ẹ wá ra tiyín, ó ku méjì!" Nígbà tí wọ́n rí mi lẹ́yìn wáyà, wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ wò ó ni, àbí o fẹ́ ṣe é?" Òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́ o, èmi ni mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín. Mo ní mo fẹ́ ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn, láíbìrì ò rí mi mọ́.

Ọ́ńkù Desmond kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń la igi óákù kó tẹ̀ lé iṣan ara ẹ̀, kó má fọ́ yángá. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di àáké mú kí ọwọ́ má ro èèyàn. Wọ́n fún mi ní irin pẹlẹbẹ kan, kò tóbi ju káàdì báǹkì lọ, èyí tí wọ́n fi ń fá ara igi títí á fi jọ̀lọ̀. "Tìẹ ni," ni wọ́n wí, "má fi gé búrẹ́dì o." Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n sì ń sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: kò sí igi tó gbọ́dọ̀ jáde nínú ọgbà yẹn láìmu òróró.

Dádì mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ igi yẹn rárá. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà. Ìwó ni wọ́n ti wá, bàbá tó bí wọn ló sì ń gbẹ́ wàláà fún àwọn ilé kéwú àdúgbò wọn. Wàláà, ẹ mọ̀ ọ́n: pákó pẹlẹbẹ tó ní ọwọ́, tí Àáfà ń fi tàdáwà kọ kéwú sí fún ọmọ, tí ọmọ bá sì ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ nù, wọ́n á kọ òmíràn. Dádì gbẹ́ ẹ lọ́dọ̀ bàbá wọn títí wọ́n fi di ọ̀dọ́, kí wọ́n tó sá fún un. Tí wọ́n bá ti rí èérún igi lára súwẹ́tà mi, ojú wọn á yí padà. "Ìwé ni mo ní kí o mú, Ṣẹ̀kínà. Mi ò ní kí o mú igi." Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́. "Mi ò wọ bàálù wá síbí kí ọmọ mi wá máa fá igi."

Èmi wá gbọ́n, àbí mo ya òmùgọ̀. Wòlímọ̀ mi ń bọ̀ lọ́dún yẹn, ọjọ́ tí ọmọ máa dúró níwájú gbogbo èèyàn pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, tí Àáfà á kọ kéwú sí i, tí ọmọ á kà á. Àwọn ọmọ yòókù ń lo fóòmù funfun tí wọ́n gé bíi wàláà, torí ìwé la fi ń kà ní ilé kéwú tiwa. Mo pinnu pé màá gbẹ́ tèmi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo rò ó pé tí Dádì bá rí i, wọ́n á rántí bàbá wọn, inú wọn á dùn sí mi, wọ́n á sì jẹ́ kí n máa lọ síbi igi mi ní Sátidé láìsí ariwo mọ́.

Sátidé mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Fọ́tò kan lórí fóònù Mọ́mì ni mò ń wò, mi ò di wàláà gidi mú rí láyé mi. Ọwọ́ mi lé roro. Nígbà tó jọ̀lọ̀ tán, Ọ́ńkù Desmond bi mí pé kí ni wọ́n máa fi ṣe. Mo ní wọ́n máa kọ̀wé sí i, wọ́n á sì máa fi omi fọ̀ ọ́.

"Omi?" Wọ́n mi orí. "Tó bá jẹ́ omi ni, fún un ní òróró lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Old Kent Road ni gbọ̀ngán tí a ti ṣe wòlímọ̀ náà wà, ilé ìkẹ́rù tẹ́lẹ̀ tí ẹgbẹ́ wa háyà. Mọ́mì ti fi làálì kun ọwọ́ mi, aṣọ mi funfun báláú. Mo yọ wàláà mi nínú àpò, gbogbo èèyàn ní, "Háà!" Àáfà yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Ta ló gbẹ́ èyí?"

"Èmi ni, sà."

Ẹ̀rín sọ, ẹ̀rín ayọ̀. Mo wo Dádì. Dádì ò rẹ́rìn-ín. Imú wọn kàn fẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó gbóòórùn nǹkan. Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn.

Àáfà ti kálámù bọ tàdáwà, wọ́n kọ Bísímílàhí. Tàdáwà náà kóra jọ róbótó-róbótó bí omi lórí ọ̀rá, ó sì ṣàn wálẹ̀ sórí aṣọ funfun mi. Àáfà nù ún, wọ́n tún un kọ. Ó tún ṣàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà kẹta. Àǹtí kan tó jókòó níwájú wá sọ̀rọ̀, ó ṣe bí ẹni ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àmọ́ gbogbo wa la gbọ́ ọ: "Igi yẹn ò gba orúkọ Ọlọ́run."

Ẹlòmíràn ní, "Ta ló ní kí ọmọbìnrin máa gbẹ́ wàláà?"

Mo wo Dádì bí ọmọ ṣe ń wo bàbá ẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n gba pákó náà lọ́wọ́ Àáfà, wọ́n gbé e lọ sínú búùtù mọ́tò. Àáfà yá mi ní fóòmù ọmọ ẹlòmíràn. Mo mọ kéwú mi lámọ̀dunjú, àmọ́ ohùn mi ò jáde. Mò ń wo àbàwọ́n dúdú tó wà láyà mi, mo kàn ń mi ètè. Nígbà tí a ń lọ sílé, gbólóhùn kan péré ni Dádì sọ nínú mọ́tò: "Ṣé o ti rí i báyìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ohun tí mo rò pé mo rí ni pé Ọlọ́run wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó sì gbójú kúrò.

Mi ò padà sí ọgbà yẹn mọ́. Lọ́jọ́ kan mo wà lókè bọ́ọ̀sì, mo rí Ọ́ńkù Desmond nínú aṣọ àpò wọn, wọ́n ń gbójú sókè wo àwọn ọmọ tó ń pariwo. Mo tẹ orí mi ba títí bọ́ọ̀sì fi kọjá. Fúláàtì ni wọ́n ti kọ́ sí ọgbà yẹn báyìí. Mi ò mọ ibi tí Ọ́ńkù Desmond wà, mi ò sì kí wọn pé ẹ ṣé rí. Ìyẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Wàláà mi, Dádì gbé ike tí Mọ́mì gbin ẹ̀fọ́ sí lé e lórí ní bálíkónì. Ọdún mọ́kànlá gbáko, òjò ń pa á. Mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, mo ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní Lewisham. Tí wọ́n bá ní kí n wá ka kéwú níbi ìsọmọlórúkọ, màá ní ọ̀fun ń dùn mí. Gbogbo ìgbà ni ọ̀fun ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá ni kánsù kọ̀wé pé kí gbogbo wa kó ẹrù kúrò ní bálíkónì nítorí ìjàǹbá iná. Ní Sátidé, mo gbé ike ẹ̀fọ́ kúrò, mo gbé pákó náà dání, àwọ̀ ẹ̀ ti di bí eérú. Dádì jáde síta pẹ̀lú tíì lọ́wọ́.

"Òróró yẹn ò tíì kúrò lára ẹ̀ ni?"

"Òróró wo, Dádì?"

"Èyí tí o fi pa á nígbà yẹn, jàre. Ta ló ń fi òróró pa wàláà? Tàdáwà kì í wọ ara igi tó ti mu òróró. Mo ti gbóòórùn ẹ̀ kí Àáfà tó ki kálámù bọ tàdáwà."

Ọwọ́ mi dúró. "Ẹ mọ̀?"

"Mi ò ṣe ní mọ̀? Ta ló bí mi?"

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi? Ẹ ò sọ fún wọn?"

Wọ́n mu tíì wọn. "O ti fi iṣẹ́ igi sílẹ̀, àbí o ò fi sílẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Bàbá mi fi ìṣẹ́ kú nídìí ẹ̀." Wọ́n wọlé lọ wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ pé òjò ti dá.

Ó yẹ kí n sunkún. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi! Ó korò bí ewúro, àmọ́ ẹ̀rín ni! Òróró ni! Òróró lásán-làsàn! Kì í ṣe Ọlọ́run!

Irin pẹlẹbẹ mi ṣì wà nínú páálí pẹ́ńsù ìgbà ilé ìwé mi. Mo tẹ́ bébà sílẹ̀ ní bálíkónì, mò ń fá a. Àwọ̀ eérú yẹn kúrò, òórùn ẹ̀pà àti ọ̀dà yẹn tún yọ, bíi pé àná ni. Mò ń fá a lọ, mò ń gbóòórùn ẹ̀, mò ń fá a, títí òórùn fi tán, tó ku ti igi nìkan. Mo fi omi gbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo gbé e sítòsí rédíétọ̀ tó ń mú ilé gbóná kó lè gbẹ. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, mo ra tàdáwà ní Rye Lane, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ kálámù lára igi súyà, mo ti ilẹ̀kùn kíṣìnì. Ìyókù, ẹ ti gbọ́ ọ: obìnrin òkè, igi ìgbálẹ̀, ijó. Nígbà tí mo jó tán, mo kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ kà lọ́jọ́ wòlímọ̀ mi. Ìkọ̀wé mi burú, mi ò purọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn láyà jù mí lọ. Òun gbé iṣẹ́ ẹ̀ síwájú gbogbo èèyàn láìdán an wò. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, mo ní láti ti ilẹ̀kùn ná.

Bí ilẹ̀ Mọ́ńdè ṣe mọ́, mo ṣe àlùwàlá, mo borí, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Dádì ti wọ yúnífọ́ọ̀mù bọ́ọ̀sì wọn, báàgì wà léjìká.

"Kí lèyí, Ṣẹ̀kínà? Mò ń lọ síbi iṣẹ́."

Mo kọ ojú wàláà sí wọn, torí èmi ti mọ̀ ọ́n sórí láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀: Àlífù, Làámù, Míìmù. Ohùn mi jáde! Ó jáde ketekete! Níbì kan, mo ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ẹnu Dádì ti tún un ṣe kí wọ́n tó mọ̀. Mo tún un kà bí wọ́n ṣe wí, mo sì kà á parí.

Wọn ò wo èmi, pákó ni wọ́n ń wò. Wọ́n sọ báàgì kalẹ̀, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, bí ẹni tó ti gba wàláà tuntun lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ rí.

"Gbé e wá kí n wò ó."

Mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn mi.

"Ẹ máa pẹ́ débi iṣẹ́, Dádì," ni mo wí, mo sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.