Ẹ Má Ká Ẹní Mi

Mo jágbe mọ́ ìyàwó ọmọ mi láàárọ̀ yìí nítorí ẹní.

Ó wá gbálẹ̀ yàrá mi, ló bá ká ẹní, ó fi ti ògiri.

"Tẹ́ ẹ padà!"

Ẹ̀rù bà á. Mo ní kó jókòó, mo sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Nígbà tí ogun Biafra ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, iwájú ìsọ̀ kan ní Ọ̀fà Garage lèmi àti ìyá mi ń sùn. Kí onísọ̀ tó dé, a gbọ́dọ̀ ti ká ẹní, ká ti di ẹrù.

Alfa kan ní Ọjà Tuntun ló fún wa ní yàrá nínú agboolé rẹ̀. Ó ní, "Tiyín ni títí láé."

Síbẹ̀, láràárọ̀, ìyá mi á ká ẹní, á di ẹrù, á jókòó lé e.

Ìyàwó Alfa bi í lọ́jọ́ kan: "Ìyá Rísíkátù, níbo lẹ tún ń lọ?"

"Kò síbì kankan. Mo kàn ń palẹ̀ mọ́ de onílé ni."

"Onílé wo? Ẹ̀yin náà kọ́ ni?"

Ìyàwó Alfa tú ẹrù náà fúnra rẹ̀, ó tẹ́ ẹní padà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi kírun àsùbáà tán, ó padà sùn títí oòrùn fi yọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ tó ń hanrun.

Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà ṣe ilé Alfa àti ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló fún yín níbi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ sùn títí oòrùn fi yọ? Ẹ kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀, ká jọ ṣàdúà fún wọn.