Ọjọ́ Tí Búrẹ́dì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mi Wú

Àwọn ará ilé ọkọ mi da ìyẹ̀fun tí mo lè jẹ nù, wọ́n fi èyí tí dókítà ní n kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu rọ́pò rẹ̀, ọkọ mi sì mọ̀.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ mi ládùúgbò títí dòní, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìyàwó tó kàwé jù ni mí, pé mo kó jáde nílé ọkọ nítorí búrẹ́dì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un sọ: nítorí búrẹ́dì. Èmi náà ìbá bá wọn rẹ́rìn-ín ká ní ìtàn ẹlòmíràn ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀. N kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ nínú rẹ̀.

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ ni mo fi ń rántí ìgbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni, nínú agboolé àtijọ́ kan níbí ní Ìwó, níbi tí èmi, ìyá ọkọ mi, àti ìyálé mi, ìyẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti jọ ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní bayọ́lọ́jì nílé-ẹ̀kọ́ girama. Ìyálé mi ń din pọ́fùpọ́ọ̀fù tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àpò fúláwà rẹ̀ kì í sì í kúrò nídìí ògiri ilé ìdáná náà. Ẹ jẹ́ kí àpò yìí wà lọ́kàn yín.

Láti yunifásítì ni inú ti ń run mí. Mo gbẹ, mo funfun lójú, oògùn aràn àti oògùn ibà kò sì ràn án. Dókítà kan ní Òṣogbo ló wá yẹ̀ mí wò dáadáa tó rí ìdí rẹ̀. Ó ní èròjà kan wà nínú àlìkámà, ọkà tí wọ́n ń lọ̀ ṣe fúláwà, tó máa ń jẹ́ kí fúláwà ṣù pọ̀ kó sì máa fà. Èròjà náà ni ara mi kò gbà. Òun ló ń họ ìfun mi nínú bí ẹni fi irin họ ìdí ìkòkò, tí oúnjẹ kò fi ṣe mí lóore, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi tó lára mi. Kí n jìnnà sí búrẹ́dì, sí pọ́fùpọ́ọ̀fù, sí sìpàgẹ́tì, sí ohunkóhun tí fúláwà bá wà nínú rẹ̀, kódà bó ṣe bíńtín. Ó ní bí mo bá gbọ́ràn, ẹ̀jẹ̀ yóò padà, oyún tí a sì ti ń wá yóò ríbi dúró sí.

Mo kúnlẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Ọkọ mi jókòó tì mí, ó ń bá mi tú èdè dókítà sí Yorùbá. Màámi, bí mo ṣe ń pe ìyá ọkọ mi, ní Ọlọ́run á fi àlàáfíà ṣe é, wọ́n gbàdúrà, mo ṣe àmín. Ohun tí wọn kò sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn wọn: pé ìdílé olórìṣà ni wọ́n ti bí ìyá mi ní Olúpọ̀nnà, pé ìdílé olórìṣà kì í ṣàì ní èèwọ̀, àti pé ẹni tí kò bá lè jẹ ohun tí gbogbo ayé ń jẹ, a ti mọ ibi tó ti gbé e wá.

Búrẹ́dì ni ọkàn mi ń fà sí jù. Nílé ìtajà kan ní Ìbàdàn ni mo ti rí ìyẹ̀fun kan nínú páálí, tí wọ́n ti po ti ìrẹsì àti ti pákí pọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà, fún búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé kò sí àlìkámà nínú rẹ̀. Kí èèyàn sáà tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n, kó fọ́ ẹyin sí i, kó da òróró sí i, kó sì yan án. A kò ní ààrò búrẹ́dì, nítorí náà mo da yanrìn sínú ìkòkò ńlá, mo gbé e kaná títí yanrìn fi gbóná, mo gbé agolo búrẹ́dì lé e láàárín, mo sì dé e pa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Kuta ni mo fi ṣe é. Àkọ́kọ́ tí mo yan rí pẹlẹbẹ, ó ń rún bíi gààrí tó ti gbẹ jù.

Ìyálé mi gbé e yí po lọ́wọ́. “Ìyàwó wa, ṣé búrẹ́dì nìyí àbí búlọ́ọ̀kù? Ògiri ẹ̀yìn ilé kúkú ti ń wó.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo jẹ búlọ́ọ̀kù náà bí ẹni ń jẹ ẹran Iléyá, mo sì ń yan òmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí mo bá ti já páálí, inú ike funfun onídèérí kan ni mo ń tú ìyẹ̀fun náà sí, lórí pẹpẹ ilé ìdáná. Ǹ bá tì í mọ́ yàrá mi. Ṣùgbọ́n nínú agboolé wa, ìyàwó tó bá ń ti oúnjẹ mọ́ yàrá, ahun ni wọ́n ń pè é, tàbí kí wọ́n ní ó ń fura sí àwọn tó gbé e níyàwó. Mo fẹ́ jẹ́ ìyàwó dáadáa. Mo fi ike mi síta.

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, aṣọ tó ń bọ́ lára mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Nígbà tó yá, mo lóyún. Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún, nínú yàrá, ó sì di ọwọ́ mi méjèèjì mú. A jọ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: oyún tí kò tíì yọ, a kì í pariwo rẹ̀, kódà fún ìyá ẹni. Ikùn fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Àsìkò yìí gan-an ni búrẹ́dì mi wú.

Mo ṣí ìkòkò lọ́jọ́ náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ó gbé orí sókè kọjá etí agolo, ó pọ́n, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Mo ní ọwọ́ mi ti mọ́ ọn nìyẹn. Mo yà á ní fọ́tò, mo gbé e sórí fóònù kí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lè rí i, mo sì ń ṣàlàyé fún wọn bí èèyàn ṣe ń po ìyẹ̀fun tí kò ní àlìkámà, bí ẹni tó ti gba oyè lé e lórí. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì, ohun tí kì í wú wú níwájú mi, n kò bi í léèrè ohun tó mú un wú.

Ìyálé mi ní, “Ìyàwó wa, èyí ni búrẹ́dì.” Màámi gé díẹ̀, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń jẹ tèmi. Wọ́n ní kí n jẹ ẹ́ dáadáa, kò sí nǹkan kan. Ìfẹ́ ni mo pè é. Ọkọ mi bu tirẹ̀, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Èyí mà dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Kò pẹ́ tí inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Ìgbẹ́ gbuuru, ikùn wíwú, àárẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n lè dúró tán níwájú kíláàsì. Mo sọ fún ọkọ mi pé oyún ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ó ní bóyá ni. Mo ní ó dàbí àìsàn àtijọ́. Ó ní kí n má ro àròjù. Nítorí pé n kò lè jẹ ohun mìíràn, búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni mo ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni mo ń jẹ lálẹ́. Màámi ń gbọ́ bí mo ṣe ń lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí mo ń bọ̀. Wọ́n kàn ń sọ lábẹ́ ètè pé, “Ó ń jáde nìyẹn.” Mo rò pé àdúrà ni.

Oyún náà wálẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ara mi ti lọ sílẹ̀ padà bíi ti àtẹ̀yìnwá. Dókítà kò sọ pé àlìkámà ló gba oyún lọ́wọ́ mi. Ó ní ohun tó lè fà á pọ̀. Mo kọ èyí síbí nítorí n kò ní fi ẹ̀sùn tí n kò lè dì mú kan ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo lè dì mú ti tó mi.

Mo lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá mi ní Olúpọ̀nnà, mo sì gbé ike mi dání pẹ̀lú páálí tuntun kan tí n kò tíì já. Páálí tuntun ni mo kọ́kọ́ yan. Ó tún rí pẹlẹbẹ, ó tún ń rún. Inú bí mi sí àwọn tó ṣe é, mo ti ń ro ọ̀rọ̀ tí n ó fi bú wọn. Kí n lè rí ẹ̀rí dì mú, mo bu díẹ̀ nínú páálí sínú abọ́ kan, mo bu díẹ̀ nínú ike sínú òmíràn, mo fi omi pò wọ́n. Ti inú páálí já bí amọ̀ tí kò lómi tó. Ti inú ike fà. Mo fà á láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì, kò já.

Ìyá mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Wọn kò bi mí ní ohun tí mo ń ṣe. Wọ́n ní, “Ta lẹ jọ ń lo ilé ìdáná?”

Mo gun ọ̀kadà padà sí Ìwó, ike wà lórí itan mi. Mo bá ìyá ọkọ mi, ìyálé mi àti ọkọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, nítorí ìyá mi tọ́ mi, mo sì gbé ike náà ka iwájú wọn, mo bi wọ́n léèrè. Mo ti múra sílẹ̀ fún irọ́. Wọn kò purọ́. Wọ́n ní àwọn ni àwọn ní kí ìyálé mi ṣe é. Wọ́n ní àwọn ké Àyátúlù Kúrúsíyù inú Àlùkùránì sí fúláwà inú àpò náà kí wọ́n tó dà á, àwọn sì bu ṣúgà àti ìwúkàrà pọ́fùpọ́ọ̀fù sí i kó má baà yàtọ̀ lẹ́nu mi.

“A ò fẹ́ pa ọ́, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “A fẹ́ tú ọ sílẹ̀ ni. Èèwọ̀ ilé ìyá rẹ ló dè ọ́ nínú. Bó o bá jẹ ẹ́ láìmọ̀, á já, wàá sì bímọ fún wa.”

Mo ní dókítà ti sọ ohun tó ń ṣe mí. Ìyálé mi dá sí i pé kí n má pariwo mọ́ ìyá ọkọ. “Ṣebí ìṣojú ọkọ rẹ la ti dà á. Ó dúró níbẹ̀.”

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Ìgbà náà ni mo sọ ọ́.

“Màámi, mo ti lóyún. Inú mi ló wà nígbà tí ẹ ń tú mi sílẹ̀. Ó ti wálẹ̀.”

Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sì rọra yíjú sí ọmọ wọn. “Ìwọ mọ̀?”

Ó ní, “Ẹ̀yin ní kí n má sọ fún un. Òun náà ní kí n má sọ fún yín.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ọmọ tó jíṣẹ́ tó pé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọdún ti gorí ọdún. Yàrá kan ni mo ń gbé báyìí nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ṣì ń yan búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ṣì ń rí pẹlẹbẹ, ike mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Ìyá ọkọ mi ti wá bá mi níbí. Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi, ohun tí ojú kì í sábà rí, wọ́n ní ká ní àwọn mọ̀ pé ohun tí àwọn ń wá ti wà nínú mi, àwọn ìbá fi ọwọ́ ara wọn da fúláwà náà sí ààtàn. Mo gbà wọ́n gbọ́. N kò tíì dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn. Ìyálé mi náà ránṣẹ́ pé ohun tí wọ́n rán òun ni òun ṣe. Èsì lèyí náà, bó ti wù kó kéré mọ.

Ẹ̀yin àgbà agboolé tí ẹ ń ránṣẹ́ pé kí n gbàgbé, pé àárín ẹnu ìyá àti ẹnu ìyàwó ni ọkọ mi há sí, mo ń bi yín: ta ni nínú wa tó mọ ohun méjèèjì? Ìyá mọ fúláwà, kò mọ oyún. Èmi mọ oyún, n kò mọ fúláwà. Ẹ pe ẹni tó kù jáde kó wá rojọ́ fúnra rẹ̀, ẹ yé bá a rò ó.

Ìwọ ọkọ mi, n kò béèrè aṣọ tàbí ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. O ti di ọwọ́ mi méjèèjì mú nínú yàrá, o mọ ohun tó wà nínú mi. O ti dúró ní ilé ìdáná, o mọ ohun tó wà nínú ike. Lẹ́yìn náà o jókòó síwájú mi, o bu búrẹ́dì, o wo ojú mi, o sì rẹ́rìn-ín. Kí lo rí tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín?