Ohun Tó Wà Nínú Páńpù Kọfí Bàbá Mi

Ká ní dígí ni, ǹ bá ti rí i. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ara mi títí ó fi sú mi, síbẹ̀ mi ò tíì yé sọ ọ́.

Ohun tí wọ́n ń pè ní Fírẹ́ńṣì Pírẹ́ẹ̀sì ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n fi ń ṣe kọfí. Nílé wa ní Iléṣà, páńpù là ń pè é, torí pé èèyàn á tì í láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Ẹ ó da kọfí tí wọ́n lọ̀, tí kò kúnná jù, sínú rẹ̀, ẹ ó da omi gbígbóná lé e, ẹ ó dé e, ẹ ó dúró díẹ̀, ẹ ó wá tẹ ọ̀pá orí ìdérí rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Asẹ́ tó wà nídìí ọ̀pá náà á ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́lẹ̀, kọfí tó mọ́ á wà lókè. Dígí ni èyí tí mo kọ́kọ́ rà fún bàbá mi. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ń fọ̀ ọ́ lórí símẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun wá fi onírin ránṣẹ́, irin tí kì í dípẹtà, tó nípọn, tí ohun tó bá wà nínú rẹ̀ kì í tètè tutù. Inú mi dùn. Mo ní èyí ò ní fọ́ mọ́ láé. Ayọ̀ òmùgọ̀!

Tíṣà ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku sì ni. Kọfí ò tíì fi í sílẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Kọfí inú agolo ló ń mu nígbà náà, láìsí mílíìkì, láìsí ṣúgà. Àmọ́ kò ní fẹnu kan nǹkan kan kó tó gbàdúrà òwúrọ̀. Àdúrà òwúrọ̀ ilé wa sì nìyí: orin wà níbẹ̀, Bíbélì wà níbẹ̀, bàbá mi á wá gbàdúrà yí ayé ká. Ìgbà tí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ni kọfí tó lè wọlé. Bí mo ṣe rí i láti kékeré nìyẹn, tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí mo bá gbóòórùn kọfí, ó ń ṣe mí bíi pé kí n ní àmín.

Kíndìnrín rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Òṣogbo ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, mo gbé e wá sí ọsibítù níbẹ̀. Dókítà là á mọ́lẹ̀ fún wa. Iyọ̀ gbọ́dọ̀ dín kù. Omi gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n. Kọfí ife kékeré kan láàárọ̀, kò burú. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Àgbo ńkọ́? Màdáàmù, ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ẹ má jẹ́ kó fẹnu kàn án. Èyí tó kù nínú kíndìnrín yẹn, àgbo á kó o lọ."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí a padà dé Iléṣà, gbogbo ìgò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lẹ́yìn fíríìjì ni mo kó jáde, mo dà á nù sínú gọ́tà. Àǹtí mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pe àbúrò bàbá mi, dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣínì, ó ká apá, ó ń wò mí. Mo wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo páńpù tuntun. Mo ní, "Ẹ wo asẹ́ yìí, Àǹtí, kò sí pàǹtí tó lè gba ibẹ̀ kọjá." Ó gbé e, ó yí i po, ó fi èékánná kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ó ní, "Eléyìí mà dáa o."

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo ń ṣọ́ bàbá mi, kì í ṣe díẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń pè láti Òṣogbo, tí kọfí tèmi náà á wà níwájú mi tí á máa tutù.

"Àǹtí, ṣé Bàbá ti mu kọfí?"

"Ó ti mu ún."

"Kí ló tún mu?"

"Oògùn rẹ̀, àti omi díẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?"

A ó rẹ́rìn-ín, màá lọ síbi iṣẹ́. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń lọ sílé, tí mo bá sì wà níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mò ń ṣe kọfí náà. Síbẹ̀, bàbá mi ń wú. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wú, bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ojú rẹ̀ wá ń wú láàárọ̀. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, á máa fi ẹ̀yìn ha ara ògiri. Òsúkè á mú un láàárín ọ̀rọ̀, kò ní lọ bọ̀rọ̀. Gbogbo àyẹ̀wò tí a ṣe ló burú ju èyí tó ṣáájú lọ. Mo dín iyọ̀ kù títí ọbẹ̀ ilé wa fi dà bí omi ìṣanwọ́. Mo gbààwẹ̀. Mo lọ sórí òkè àdúrà àwọn Àpọ́sítélì, èmi ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, mo fi orúnkún rìn lórí àpáta. Mo bẹ Ọlọ́run bí ẹni ń sin onígbèsè lówó. Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ Ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta ní òjò. Kò sí ohun tó yí padà.

Nígbà tí a tún lọ, dókítà wo ìwé àyẹ̀wò, ó wò mí. Ó ní, "Màdáàmù, ṣé Bàbá ò mu àgbo ṣá?"

Inú bí mi. Mo ní, "Dókítà, mo fi Ọlọ́run búra. Kò sí ẹ̀kán àgbo kan nílé wa." Bàbá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń wo fèrèsé. Dókítà ní ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, kí a tètè bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní òun ò lọ sídìí ẹ̀rọ kankan, kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Mo bẹ̀ ẹ́ láti Òṣogbo títí dé Iléṣà. Kò gbà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ọ̀sán ni mo máa ń dé, àmọ́ mọ́tò tó kọ́kọ́ kún ní páàkì ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé, wọ́n wà lórí àdúrà òwúrọ̀ ní pálọ̀. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí n má baà dí wọn lọ́wọ́. Páńpù wà lórí tábìlì kíṣínì, wọ́n ti fi aṣọ bò ó kó má baà tutù, ó ń dúró de oore-ọ̀fẹ́. Òórùn kọfí gbà mí nímú. Mi ò tíì mu nǹkan kan láti àárọ̀, mo bá bu díẹ̀ sínú ife.

Ó korò. Mo mọ̀ pé kọfí ń korò, àmọ́ kọfí kì í fa èèyàn láhọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ìdérí, mo fa asẹ́ sókè.

Èèpo igi ni. Èèpo igi pupa tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, gbòǹgbò kan báyìí tó rí bí okùn, àti ewé tí mi ò dá mọ̀. Wọ́n wá bu kọfí lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Yéè! Mo jókòó sórí àpótí tí wọ́n máa ń jókòó lé dáná, mo gbá irin gbígbóná yẹn mọ́ àyà. Mo fẹ́ kígbe, àmọ́ bàbá mi ti ń gbàdúrà ní pálọ̀. Nílé wa, ẹnì kan kì í já àdúrà gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ilé bá ń jó, a ó ṣe àmín ká tó sá. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn tó ti ń dín kù. Ó ní, "Baba, bojú wo ọmọbìnrin mi, tó ń sáré lọ sáré bọ̀ nítorí mi. Má jẹ́ kí làálàá rẹ̀ já sí asán."

Mo ki aṣọ bọ ẹnu, mo sunkún.

Bí wọ́n ṣe ní "títí láé, àmín," mo já wọ pálọ̀. Mo na páńpù síwájú Àǹtí. "Kí lèyí? Àǹtí, ẹ sọ fún mi, kí lèyí?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "O ò rí bàbá ẹ ni? O ò kí èèyàn?"

Mo kúnlẹ̀. Tèmi ti páńpù, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàárọ̀, mà." Mo dìde, mo tún bẹ̀rẹ̀ ariwo níbi tí mo bá a dé.

Àǹtí ò sẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun tó ń ta egbòogi ní oríta Ìwárajà ló kó o fún òun, pé ó ti wo ẹni tó wú ju bàbá mi lọ sàn. Ó ní, "Gbogbo ọ̀nà ló wọ ọjà. Bó bá jẹ́ pé oògùn inú ọ̀rá yín yẹn ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi á máa wú?"

"Àgbo yìí ló ń mú un wú! Ẹ fẹ́ pa á! Ọwọ́ ara yín lẹ fi ń pa á!"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹyin lohùn. Àǹtí fi etí ìró bo ẹnu. Bàbá mi ló tọ́ ọ nígbà tí àwọn òbí wọn kú, owó oṣù tíṣà ló fi rán an níwèé, kò sí ẹni tí Àǹtí fẹ́ràn tó o láyé. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Bàbá mi ní, "Fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ní kó ṣe é."

Mo yíjú sí i.

"Èmi ni mo ní kó máa ṣe é nínú páńpù, torí pé o ò ní wo ibẹ̀. Èmi ni mo ní kó bu kọfí lé e lórí, kó lè máa rùn bíi kọfí."

Mo tún kúnlẹ̀, kì í ṣe ti ìkíni mọ́. Mo di orúnkún rẹ̀ tó ti wú mú. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣàánú mi. Ẹ fi àgbo sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ẹ̀rọ lónìí, kó má di ọ̀la. Mo fi Ọlọ́run tí ẹ ń sìn bẹ̀ yín."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá fi í sílẹ̀, tí mo tẹ̀ lé ẹ lọ, ṣé màá yè?"

"Dókítà ní..."

"Mi ò bi dókítà. Ìwọ ni mò ń bi."

Mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó wà létè mi. Àmọ́ bàbá mi ti mọ irọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Ojú mi wálẹ̀. Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Mo rò pé á bínú. Kò bínú. Gbogbo ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ikú nílé, ohun tó máa ń wí ni pé òun ti ṣe tán, pé ìgbàkigbà tí Olúwa bá pè, òun á jẹ́. A ti gbà á gbọ́ tipẹ́. A tiẹ̀ ń fi yangàn nínú ìjọ.

Ó ní, "O ò mọ̀. Dókítà náà ò mọ̀. Àbúrò mi ò mọ̀, ẹni tó bó èèpo igi náà ò mọ̀. Mi ò fẹ́ kú, ọmọ mi. Òun ni mo ṣe ń mu méjèèjì, oògùn àti àgbo."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi pé kí n fa òun dìde, ká máa lọ sídìí ẹ̀rọ.