Sẹ̀gi Tó Wọnú Idẹ

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gba ẹ̀yìn ilé àwọn tó ń fún oyin kọjá ní Òmù-Àrán, òórùn ìda gbígbóná sì dá mi dúró. Àgbàlá bàbá mi àgbà ló gbé mi padà sí, níbi tí ẹwìrì ti ń fẹ́ná láti àárọ̀, tí àwa ọmọ sì ń gbé imú dúdú lọ sílé ìwé.

Alágbẹ̀dẹ idẹ ni Bàbá Àgbà. Ìda ló kọ́kọ́ fi ń mọ ohun tó bá fẹ́ ṣe. Á fi amọ̀ bò ó, á yan án títí ìda yóò fi yọ́ jáde, á wá da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ìyá Àgbà ló ni iṣẹ́ àwọ̀. Á lọ ìlẹ̀kẹ̀ dígí kúnná lórí ọlọ, á bù ú sínú àwọn kòtò kéékèèké ojú idẹ, kí iná lè yọ́ ọ mọ́ ọn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe búróòṣì tí àwọn ìyá ìjọ fi ń há àyà aṣọ.

Àǹtí Mojí ń gbé pẹ̀lú wa. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí i. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, okùn ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi aláwọ̀ aró kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Èkó, ó gbé sẹ̀gi náà wá.

“Màmá, ẹ bá mi fi ṣe búróòṣì.”

Ìyá Àgbà mọ̀ pé sẹ̀gi tá a bá ti lọ̀ kì í padà di sẹ̀gi mọ́. “Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?”

“Inú àpótí ló wà látọjọ́ yìí. Mo fẹ́ máa gbé e káàkiri.”

Àkọ́ṣe bàjẹ́. Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ lu idẹ náà bí Bàbá Àgbà ṣe fi ẹ̀mú gbé e jáde, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ sì sán wẹ́wẹ́. Ìyá Àgbà jókòó tì í, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí Mojí fúnra rẹ̀ ló kó ìyókù sẹ̀gi lọ sídìí ọlọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́.

Bí iná bá pọ̀ jù, idẹ á yọ́. Bí ó bá kéré, sẹ̀gi ò ní yọ́. Bàbá Àgbà ń wo iná bí ẹni ń wo ojú ọmọ tára rẹ̀ kò yá. Lọ́tẹ̀ yìí, inú eérú gbígbóná ló bò ó mọ́lẹ̀ sí, kó lè tutù díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí oúnjẹ ọ̀sán. Nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà hú u, ó fi yanrìn àti omi bó o, àwọ̀ aró sì ń jáde bí ìgbà tílẹ̀ ń mọ́. Ó fi í há àyà Àǹtí Mojí.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ẹ bá a lọ.”

Lónìí, ibi tí wọ́n ti ń ta ṣájà fóònù ni àgbẹ̀dẹ yẹn ti dà. Búróòṣì tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí náà ń dán, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ ṣí. Àǹtí Mojí ti darúgbó. Nígbà tó wálé fún ìkórè, ọmọ-ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan tiẹ̀ láyà, ó bi í pé ta ló ṣe é.

“Àwa mẹ́rin ni,” ó dá a lóhùn. “Ìyá mi náà wà níbẹ̀.”