Ẹsẹ̀ Ta Ni Wọ́n Fi La Ọ̀nà Itẹ́ Òkú?

Oyètúndé Ládélé ti kú. Oṣù Kejì ọdún 2016 ló kú, ní ilé ìwòsàn tó wà ní Seton, nígbà tí snow bo gbogbo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé, tí àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Calgary kò sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju ẹni tí wọ́n tún dá dúró níbi iṣẹ́ lọ. Egbò tó pa á kì í ṣe egbò Calgary. Ilẹ̀ Balkan ló ti gbé e wá, níbi tó ti ń bá orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù wá àlàáfíà. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà lónìí. Àwọn náà kọ̀, wọn ò dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká jọ wà bẹ́ẹ̀ ná.

Kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wa o. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọmọ Ìsẹ́yìn lèmi náà, ní ìlú òtútù yìí, ìyẹn tó. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo jókòó, mo dìde, mo lọ wo train tó ń kọjá ní Whitehorn láti ojú fèrèsé, mo tún padà wá jókòó. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ má bínú.

Sójà ni Oyètúndé. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ rán an lọ sí Balkan pẹ̀lú àwọn sójà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nígbà tí ogun ń jó ibẹ̀ bí iná ọyẹ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa padà sílé, ó ti gbọ́ èdè ibẹ̀, ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ni orílẹ̀-èdè kékeré tí mò ń wí yìí bá gbà á síṣẹ́. Wọ́n ń parí ìjà ààlà láàárín abúlé méjì. Ìjà náà kò ṣòro láti lóye. Wọ́n fa ààlà tuntun, abúlé kan bọ́ sí ìhín, itẹ́ òkú rẹ̀ bọ́ sí ọ̀hún. Àwọn opó á wá dúró nídìí wáyà, wọ́n á máa wo ibojì ọkọ wọn lókèèrè.

Ọjọ́ kan sì wà lọ́dún tó jẹ́ pé, lọ́dọ̀ wọn, oúnjẹ àti àbẹ́là ni wọ́n máa ń gbé lọ sídìí ibojì, wọ́n á jókòó ti òkú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí òun gbọ́ èyí ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ òun lára. Inú ilé ni wọ́n sin bàbá tirẹ̀ sí.

"Súmbọ̀," ó sọ fún mi, "imagine kí ẹnì kan fa wáyà gba àárín parlour yín, kó ní o ò gbọdọ̀ dé yàrá tí bàbá ẹ wà. You go gree?"

Mo ní mi ò ní gree.

"Ehn-ehn. Àwọn náà ò gree."

Wọ́n ṣèpàdé títí, abúlé méjèèjì wá gbà pé kí àwọn opó máa kọjá lọ́jọ́ kan yẹn, bí àwọn onílàjà bá lè ṣáájú wọn rìn. Ibí yìí ni ọgbọ́n àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè kékeré yẹn ti yọ. Orílẹ̀-èdè wọn kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ orílẹ̀-èdè wọn bá gbàṣẹ kó tó kọjá, abúlé kan á ní wọ́n ti gbà pé ààlà ni. Bí kò bá gbàṣẹ, abúlé kejì á ní wọ́n ti sọ pé kì í ṣe ààlà. Ta ni yóò wá ṣáájú? Ọ̀gá wọn wo yíká tábìlì títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sára ọmọ Nàìjíríà.

"Ẹsẹ̀ tìrẹ kò túmọ̀ sí nǹkan kan," ọ̀gá náà sọ fún un. "Ìwọ kì í ṣe ara wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dé fìlà búlúù Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ ọ̀nà yẹn láti ìgbà ogun. Bọ́ǹbù kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bú gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, irin sì wọ̀ ọ́ nítan. Ohunkóhun kò ṣe àwọn opó, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wà. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó fi aṣọ di itan náà, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun. Ó mú wọn dé itẹ́ òkú kó tó jókòó.

Irin tí dókítà rí yọ, wọ́n yọ ọ́. Ìyókù bá a dé Canada. Ó rí iṣẹ́ safety ní ilé iṣẹ́ epo kan, ó fẹ́ Dóyin, wọ́n bí Ìmísíolúwa, wọ́n ra townhouse ní New Brighton. Ó máa ń tiro, á sì máa fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kò nílò ìròyìn ojú ọjọ́, itan òun á ti sọ fún òun kí snow tó dé. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, wọ́n dá a dúró, gbogbo ìtọ́jú tí ilé iṣẹ́ ń bójú tó sì bá iṣẹ́ náà lọ. Nínú snow, lórí itan kan náà, ló ń wá iṣẹ́ kiri. Ojú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀. Orílẹ̀-èdè kékeré yẹn ń tọ́jú àwọn tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ àlàáfíà rẹ̀, ọ̀ṣọ́ ìjọba wọn ni. Ó kàn sí wọn. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé kì í ṣe ara wọn.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kí la ó wá pe ẹni tí a ṣe lóore, tó ní òun kò rí ẹsẹ̀ tí a fi wá?

Ẹ má rò pé àwa mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìkéde tí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Nàìjíríà níbí fi síta nígbà tó kú, "after a brief illness" ló wà níbẹ̀, bí a ṣe máa ń kọ ọ́ fún gbogbo òkú wa, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ló gbá a tàbí ìjọba ló pa á. Lẹ́yìn ìsìnkú, alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláwándé, kó wa lọ sí New Brighton.

"Ìyàwó wa," alága ní, "ẹgbẹ́ ti ra òkúta. Ẹ kàn sọ ohun tí ẹ fẹ́ ká kọ sí i."

Anti Dóyin ò gbójú sókè. "Kí ni kí n ní kí wọ́n kọ, sà? Brief illness? Illness tó ti wà lára wọn kí n tó mọ̀ wọ́n, òun lẹ pè ní brief?"

"Ẹ má bínú. Bí a ṣe máa ń kọ ọ́ náà nìyẹn."

"Mo mọ̀, sà. Kí àwọn tó rán wọn níṣẹ́ wá sọ ohun tó pa wọ́n. Ọjọ́ yẹn la máa kọ òkúta."

Alága ní kí wọ́n gbé òkúta náà sí garage rẹ̀ ná.

Ìgbà tí snow yọ́ ni aṣojú orílẹ̀-èdè náà wá sí gbọ̀ngàn kan ní downtown, láti sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí orílẹ̀-èdè kékeré ṣe ń pẹ̀tù sí ìjà àwọn ará Balkan. Wọ́n ń wá ìjókòó nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n sì ń fẹ́ ìbò àwọn ará Áfíríkà. Èmi, Anti Dóyin àti Ìmísíolúwa lọ gbọ́ ọ; ó pè wá ní ọ̀rẹ́. Àwòrán ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀: ọkùnrin dúdú kan tó dé fìlà búlúù, àwọn ìyá àgbà tó gbé agbọ̀n tẹ̀ lé e, àti àkọlé pé "A ń bá ayé rìn." Itan ọ̀tún ọkùnrin náà ni wọ́n fi aṣọ dì.

Ìmísíolúwa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "That's my dad."

Aṣojú náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àwòrán tó rẹwà ni, gbogbo ibi tí àwọn ń lọ làwọn ń gbé e dé. Ó wá béèrè orúkọ ọkùnrin náà.

"You don't know his name?" ọmọ náà ní. "He died in February."

Aṣojú kí wọn kú ọ̀fọ̀. Anti Dóyin wá bi í bóyá wọ́n á ka orúkọ ọkọ òun lọ́jọ́ tí wọ́n máa ń ka orúkọ àwọn tó bá iṣẹ́ àlàáfíà lọ nílùú wọn. Ó yíjú sí ẹni tó tẹ̀ lé e wá, wọ́n sọ èdè wọn díẹ̀, ó wá yíjú padà.

"Màdáámù, gẹ́gẹ́ bí ìlànà wa, kò sí ẹni tiwa tó gba ọ̀nà yẹn kọjá rí."

Anti Dóyin nawọ́ sí àwòrán tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ló wá ń rìn níbẹ̀ yẹn?"

Ó ní òun á bá wa wádìí. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Wọ́n ká àwòrán náà, wọ́n gbé e lọ sí ìlú tó kàn.

Ẹ wo bí ọgbọ́n yìí ṣe dùn tó. Nígbà tí bọ́ǹbù wà nílẹ̀, kì í ṣe ara wọn, ẹ jẹ́ kó ṣáájú. Nígbà tí itan ń kẹ̀, kì í ṣe ara wọn, ẹ jẹ́ kó kú. Nígbà tí wọ́n ń wá ìbò, ta ló tún jẹ́ ara wọn tó o? Nàìjíríà tó kọ́kọ́ rán an lọ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò tíì pe opó yẹn láti ibẹ̀. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Ẹ̀yin aṣojú, ẹ ka orúkọ Oyètúndé Ládélé mọ́ orúkọ àwọn òkú yín, ní gbangba, lọ́dún yìí. Ẹ sọ ẹni tó ní kó ṣáájú, kí ẹni náà wá dá Dóyin lóhùn fúnra rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ojú ọkùnrin yẹn kúrò lára ògiri yín. Àwa ará Áfíríkà ní Calgary mọ ilé ìjọba tí a ó kọ̀wé sí kí ìdìbò yín tó dé.

Ọjọ́ òkú ń bọ̀ ní abúlé yẹn. Àwọn opó á gbé oúnjẹ wọn, wọ́n á gba ọ̀nà tó là fún wọn, wọ́n á jókòó ti ọkọ wọn. Opó tirẹ̀ wà ní New Brighton. Òkúta ọkọ rẹ̀ wà ní garage, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó snow, wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Ẹ wá sọ ohun tí a ó kọ.